Ẹ má ka àléébù síídì sí orin: bí a ṣe ń tọ́jú The Disintegration Loops

Ẹni tó bá ní The Disintegration Loops ti William Basinski nínú àkójọ rẹ̀ ní wàhálà kan tí àwo orin mìíràn kì í fà. Orin tó ń bàjẹ́ létí ẹni ni. Bí ohùn bá gé lórí àwo jùjú, kíá lèèyàn á mọ̀ pé síídì ti ní ìlà lójú. Lórí èyí, èèyàn lè jókòó fún odidi wákàtí kan kó máa gbádùn àléébù síídì, kó rò pé iṣẹ́ olórin ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1982, Basinski, ọmọ Texas tó ti fi New York ṣe ilé, gba orin jẹ́jẹ́ láti orí rádíò sórí téèpù, ó gé e ní péńpé, ó so orí rẹ̀ mọ́ ìdí kó lè máa yí po láìdúró. Òrùka téèpù la ó máa pè é níbí. Nígbà tí ó fẹ́ da àwọn òrùka yìí kọ sí díjítà lọ́dún 2001 kí wọ́n má baà ṣòfò, bí wọ́n ṣe ń yí ni wọ́n ń rọ, tí ojú wọn ń bọ́ dànù. Kò dá ẹ̀rọ dúró. Ohun tí ẹ̀rọ gbà ni síídì mẹ́rin tó jáde láàárín 2002 sí 2003 lábẹ́ 2062, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Orin tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni dlp 1.1, tó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 63.

Àwòrán ara páálí wá láti inú fídíò tó yà láti orí òrùlé ní Brooklyn ní ìrọ̀lẹ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ó sì fi iṣẹ́ náà rántí àwọn tó kú nínú ìkọlù ọjọ́ náà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n téèpù ti rọ kí ọjọ́ náà tó dé, irin àti gọ́ọ̀mù ló sì fà á. Ẹni tó bá mọ bí irin àti gọ́ọ̀mù ṣe ń ṣe nìkan ló lè mọ̀ bóyá ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ pé.

Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni téèpù. Ojú rẹ̀ kan ní lẹ́búlẹ́bú irin tó ti dógùn-ún, inú lẹ́búlẹ́bú yìí ni orin wà, gọ́ọ̀mù ló sì dì í mú. Bí ọ̀rinrin bá ti ń jẹ gọ́ọ̀mù lọ́dún dé ọdún, ọwọ́ rẹ̀ á dẹ̀. Nígbà tí téèpù bá wá ń kọjá lára hẹ́ẹ̀dì, irin kékeré inú ẹ̀rọ tó ń ka orin, lẹ́búlẹ́bú á máa bọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ á dì mọ́ hẹ́ẹ̀dì, á gbé téèpù sókè diẹ̀, á sì tún máa fá èyí tó kù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Tírẹ́bù, ìyẹn ohùn òkè tó tín-ín-rín, ló kọ́kọ́ ń lọ, ìṣirò sì wà nídìí rẹ̀. Ká ní téèpù ń sáré sẹ̀ǹtímítà 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìdọ̀tí sì gbé e kúrò lára hẹ́ẹ̀dì ní ìwọ̀n mílímítà 0.005 péré. Ohùn 10,000 Hz (tó ń gbọ̀n ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á já wálẹ̀ ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 14 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó), nígbà tí ohùn 500 Hz kò ní pàdánù tó dẹ́síbẹ́lì kan. Ìdí nìyí tí fèrè inú dlp 1.1 fi kọ́kọ́ ń ṣú bí ẹni tó ń fọn ín láti ẹ̀yìn ògiri, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Lẹ́yìn náà ni ibi tó pá pátápátá máa ń yọjú. Bí sẹ̀ǹtímítà kan bá pá, ohùn á pòórá fún nǹkan bí ìdá kan nínú 20 ìṣẹ́jú àáyá.

Ibẹ̀ gan-an la ti ń mú àléébù síídì. Bí téèpù bá pá níbì kan, ibẹ̀ á tún padà wá ní gbogbo ìgbà tí òrùka bá yí dé ojú kan náà, á sì máa fẹ̀ sí i. Òrùka oníìṣẹ́jú àáyá 5 á yí ní ìgbà 756 láàárín ìṣẹ́jú 63, nítorí náà ẹ̀rí kò ní wọ́n yín. Ẹ ka ìlù sí i, ẹ dúró de ibi tó gé, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kò padà mọ́, tàbí tó dún ta! bí ìgbà tí èékánná bá ta nǹkan, síídì yín ni. Bí òrùka bá sì fo, tí ìwọ̀n rẹ̀ kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síídì yín náà ni, nítorí téèpù tó ń rọ kì í kúrú.

Àléébù kan wà tí etí kò lè mú. Bí ẹ̀rọ síídì bá pàdánù díẹ̀ nínú ohun tó ń kà, ó máa ń méfò, á fi ohun tó wà ṣáájú àti lẹ́yìn di àlàfo náà. Ìméfò yẹn máa ń rọ ohùn lójú, ó sì jọ téèpù tó ń ṣú gan-an. Kọ̀ǹpútà nìkan ló lè yanjú èyí. Ẹ fi Exact Audio Copy, ètò kọ̀ǹpútà tó ń da síídì kọ, da síídì yín kọ, ẹ yan Secure mode, kí ẹ sì jẹ́ kó fi nọ́ńbà tó ṣírò láti inú ẹ̀dà yín wé ti àwọn ẹlòmíràn ní AccurateRip, àkójọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́ńbà bá bá ara mu, ẹ̀dà yín pé. Bí kò bá bá ara mu, ẹ má tíì sọ síídì nù: àtúntẹ̀ ọdún 2012 kò lè ní nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti 2002. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, láti àárín lọ sí etí, ẹ má yí i po, kí ẹ tún dà á kọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìgbà méjèèjì bá fún yín ní nọ́ńbà kan náà, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀.

FLAC, irú fáìlì tó ń fún orin mọ́ra láìgé nǹkan kan dànù, ni kí ẹ fi pamọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní WAV, fáìlì tí a kò fún mọ́ra, dlp 1.1 nìkan á gba nǹkan bíi 670 MB. Mp3 onípò kékeré ò dára fún iṣẹ́ yìí rárá, torí ariwo "ṣíí" tó wà nídìí téèpù ló kọ́kọ́ máa ń gé dànù, ariwo yẹn sì ni ilẹ̀ tí orin dúró lé. Ohun tó kù á máa dún bí omi tó ń hó.

Ilé-iṣẹ́ orin Temporary Residence kó gbogbo iṣẹ́ náà jáde nínú àpótí kan lọ́dún 2012: rẹ́kọ́ọ̀dù 9, síídì 5 àti DVD kan. Àpótí náà rẹwà. Síbẹ̀, síídì ni kí ẹ fi gbọ́ ọ. Ojú rẹ́kọ́ọ̀dù kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ, nítorí náà orin oníìṣẹ́jú 63 gbọ́dọ̀ já ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ lè dìde yí i padà. Eruku rẹ́kọ́ọ̀dù náà á tún máa ta ariwo tirẹ̀ mọ́ ti téèpù.

Ẹni tó bá fẹ́ kí etí rẹ̀ mú dáadáa, kó ṣe òrùka kan fúnra rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 95 téèpù á fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 5 ní ìyára tí a sọ lókè. Fi abẹ gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, dígírì 45, torí bí o bá gé e ní ìbú tààrà, ibi ìsopọ̀ á máa ta kó. Téèpù ìsopọ̀ gan-an ni kí o lò. Gọ́ọ̀mù sẹ́lótéèpù máa ń yọ́ jáde, á sì lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì. Fi ọ̀pá máíkì na òrùka náà níwọ̀nba: bó bá dẹ̀, ohùn á máa mì, bó bá le jù, ike á fà. Má retí pé téèpù tuntun á rọ.

Ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa ló ní téèpù onírílì àtijọ́ nínú àpótí, ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ò sì ṣàánú wọn. Bí téèpù bá ń lẹ̀, tó ń han bó ṣe ń yí, àwọn oníṣẹ́ máa ń fi nǹkan bíi dígírì 54 ti Celsius yan án fún wákàtí 8 nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sá èso gbẹ, wọ́n á sì dà á kọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún lẹ̀. Téèpù acetate, irú ike àtijọ́ kan, kì í wọ inú ooru yẹn o. Bó bá sì jẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ ló ń bọ́ lára rẹ̀, bíi ti Basinski, yíyan ò ràn án. Ẹ fi ọtí isopropyl nu hẹ́ẹ̀dì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ ṣètò kọ̀ǹpútà kó ti máa gba ohùn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó jẹ́ kí téèpù yí.