Ẹ má fi ọ̀rọ̀ N kí mi láti Ìbàdàn mọ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣífùtì alẹ́ dé ni, bàtà ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ọmọ ọdún 19 ni, Mọlété n'Ìbàdàn ló wà, èmi yìí ni mo máa ń pọ̀n ọ́n tí màmá ẹ̀ bá lọ sọ́jà. Ọmọ tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ láì fi "Àǹtí mi" ṣáájú, ọjọ́ yẹn ohun tí mo gbọ́ ni "what's up my", ó wá so ọ̀rọ̀ N yẹn mọ́ ọn, èébú tí òyìnbó fi ń pe dúdú Amẹ́ríkà látayé ẹrú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí báyìí lẹ ṣe ń kí ara yín lọ́hùn-ún. N ò lè dá a lóhùn. Torí òru mọ́jú ọjọ́ yẹn gan-an, bàbá òyìnbó kan tí mò ń pààrọ̀ aṣọ fún nílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pè mí lórúkọ yẹn, èyí tó ní "er" nídìí, ó sì gbá ọwọ́ mi dànù. Àìsàn ìgbàgbé ló ń ṣe é. Ó ti gbàgbé orúkọ ọmọ ẹ̀, ó ti gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò sọnù lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ N ni mo máa kọ títí tí mo fi máa parí, n ò ní kọ ọ́ tán síbí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ará ilé, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ nípa Houston, ìlú tí mo ń gbé ní Texas, l'Amẹ́ríkà. Iná kì í sábàá lọ, omi ń yọ lẹ́rọ, tó o bá pe áńbúláǹsì á dé. Ti ilé náà, kí ni mo fẹ́ sọ tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ̀yin kúkú lẹ̀ ń ra epo. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí tí n kì í lè ṣàlàyé lórí fóònù torí kí n tó dé ìdí ẹ̀ ẹ ó ti máa rẹ́rìn-ín, ni ọ̀rọ̀ orúkọ, ohun tí wọ́n ń pè ọ́ nílé àti ohun tí wọ́n ń pè ọ́ níbí.

Ní Ìbàdàn, dúdú kì í ṣe orúkọ mi. Ṣadé méjì la wà ní kíláàsì, wọ́n ń pe ìkejì mi ní Ṣadé pupa, wọ́n ń pe èmi ní Ṣadé dúdú, ó tán síbẹ̀, ìyá bàbá mi tún máa ń pè mí ní adúmáadán tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́. Èébú tiwa nílé, ti ẹ̀yà ni. Ọmọ Ìgbò á pe Yorùbá ní "ngbati ngbati", Yorùbá á pe ẹni tí ò gbédè ní kòbókóbò, a ó bú ara wa tán a ó sì tún jọ nájà. N ò ní kì í dunni o. Àmọ́ kò sẹ́ni tó pe bàbá bàbá mi ní "ngbati" kó tó so ó rọ̀ sórí igi, bí òyìnbó ṣe ṣe fáwọn dúdú Amẹ́ríkà.

Mo dé Houston lọ́dún 2014. Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi, wọ́n ní kí n mú ẹ̀yà mi níbẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló bá mi mu, Black or African American. Mo fa igi sí i. Bí mo ṣe wọ inú ìtàn tí n ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó wá kọ́ mi ní ìtàn ọ̀hún kì í ṣe tíṣà, màmá kan tá a jọ ń ṣe ṣífùtì alẹ́ ni. Ó ti lé ní 70 ọdún, owó ìfẹ̀yìntì ò tó o ló fi ṣì ń ṣiṣẹ́. Apá ìlà-oòrùn Texas ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ò jìnnà sí Jasper, ìlú tí òyìnbó mẹ́ta ti so James Byrd mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ́dún 1998 tí wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀ títí ó fi kú. 1998 o, èmi ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà yẹn. Nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún wọn ní búkà òyìnbó, omi tí wọ́n ń mu níta yàtọ̀, 1964 ni òfin tó fòpin sí irú ẹ̀ tó jáde. Ó ní òun ò gbọ́ kí òyìnbó kankan pe bàbá òun lórúkọ rí, ọ̀rọ̀ N ni, àbí kí wọ́n ní "boy", bàbá tó ti bí ọmọ mẹ́jọ. Ó ní bí bàbá òun ṣe máa ń wolẹ̀ tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, òun ṣì ń rí i lójú àlá.

Màmá yìí ò gbà kẹ́nikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú mọ́tò òun, ì báà jẹ́ inú orin. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, òun ló fi ń mí. Ó fi ń kí ọ̀rẹ́, ó fi ń bínú, tí àánú ẹnì kan bá ṣe é òun náà ló máa sọ.

Lọ́dún 2021, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ sọ June 19 di họ́lídè, Màmá àti ọmọ ọmọ ẹ̀ mú mi dání lọ sí Galveston, ìlú etí òkun Texas. Ibẹ̀ ni ọ̀gágun Gordon Granger ti kéde ní June 19, 1865 pé àwọn ẹrú Texas ti dòmìnira, wọ́n tó nǹkan bíi 250,000, bẹ́ẹ̀ January 1, 1863 ni Ààrẹ Lincoln ti fọwọ́ sí i, ọdún méjì àtààbọ̀ gbáko ni wọ́n fi ń sin òyìnbó lọ lẹ́yìn tí ìwé ti jáde. A jókòó létí òkun, ẹran wà lórí iná, ọmọ yẹn rí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ó fi ọ̀rọ̀ N pè é, ni Màmá bá gbé abọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní lónìí, níbí? Ọmọ náà ò bú u o, ó rọra dá a lóhùn ni. Ó ní Grandma, ọ̀pá tí wọ́n fi nà wá ni, àwa la gbà á lọ́wọ́ wọn, a gé "er" ìdí ẹ̀ dànù a fi "a" sí i, ó di tiwa, àwọn ò sì lè sọ ọ́ ní gbangba mọ́, kí ló tún kù tá a gbà lọ́wọ́ wọn tí wọn ò gbà padà? Màmá ní ọ̀pá tó o dì mú yẹn, ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ṣì wà lára ẹ̀. Èmi jókòó sáàárín wọn bí ẹni tó ya ilé onílé tó bá wọn níbi ìpàdé ẹbí. N ò ní ẹnu ẹ̀, mo sì mọ̀ pé n ò ní in.

Àṣé ìjà ilé Màmá yìí, gbogbo àwọn dúdú Amẹ́ríkà ló ń jà á. Ní July 2007, NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú Amẹ́ríkà, sin ọ̀rọ̀ yẹn ní Detroit, wọ́n gbé pósí, ẹṣin fà á káàkiri ìlú, wọ́n ṣe é bí òkú gidi. Ọdún yẹn kan náà ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú New York ní kí wọ́n má sọ ọ́ mọ́, àmọ́ òfin tí ò ní ìjìyà ni, kò sẹ́ni tó dákẹ́. Ní 2013, obìnrin dúdú kan pe ọ̀gá ẹ̀ lẹ́jọ́ ní Manhattan, dúdú lọ̀gá náà, ọ̀rọ̀ N ló fi ń bá a wí lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ní ìfẹ́ ló mú òun sọ ọ́, pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ládùúgbò òun nìyẹn, àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ ní kí wọ́n san dọ́là 250,000 fún obìnrin náà, wọ́n tún fi 30,000 lé e. Ìyẹn ni pé a ti ń bi ara wa bóyá dúdú sí dúdú gan-an lè fi ṣe èébú, ẹjọ́ yẹn ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èyí tó tún dá kún ìrònú mi ni ti Madison, Wisconsin, lọ́dún 2019. Ọmọ sùkúù kan ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pe gáàdì dúdú kan, gáàdì ní má fi ọ̀rọ̀ N pè mí, ó dárúkọ ọ̀rọ̀ náà tán bó ṣe ń kọ̀ ọ́, ni wọ́n bá lé òun alára kúrò níṣẹ́, torí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nínú ọgbà fún ìdí kankan. Àfìgbà táwọn ọmọ sùkúù tú jáde kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè wúwo tó, ẹni tí wọ́n fi bú, tó bá dárúkọ ẹ̀ láti fi gba ara ẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Òun lẹ wá fi ń kí Àǹtí yín.

Mo rò ó títí, ohun tó jọ ọ́ jù tí mo mọ̀ nílé ni oríkì Ìbàdàn. Ìbàdàn ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyà ni wọ́n ń kà níbẹ̀ yẹn? Ìgbà tí wọ́n tú ìlú àkọ́kọ́ ká tí Lágelú àtàwọn èèyàn ẹ̀ sá gun òkè lọ, òro ni wọ́n jẹ sùn, ìgbín ni wọ́n jẹ, ìkarahun ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe abọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa. Àwọn ọmọ wọn ò fi í pamọ́, wọ́n sọ ọ́ di ohun tórí ń wú sí, tí ìyá mi bá fi kì mí, omi á lé sójú mi. Àmọ́ kí àjèjì kan tí ò mọ ebi yẹn wá máa pè mí ní ọmọ ajẹ̀gbín láàárín ìgboro, ìjà la máa jà. Ibẹ̀ ni mo ti wá lóye ọmọ ọmọ Màmá. Mo sì lóye Màmá náà, torí tiwa ti pẹ́, ẹni tó jẹ òro ò sí láyé mọ́. Tiwọn, ẹni tó jẹ ẹ́ ṣì wà láàyè, ó ń bá mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóru.

Ṣé ẹ gbọ́ ti Richard Pryor, aláwàdà dúdú Amẹ́ríkà? Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ọ̀rọ̀ N pa èrò lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1979 ó lọ sí Kenya, ó wo ọ̀tún wo òsì, gbogbo àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ oríṣiríṣi, dúdú ni wọ́n, ó ní òun ò rí ẹnì kankan tí ọ̀rọ̀ yẹn bá mu níbẹ̀. Ó ní òun ò ní fi pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti rí ohun tó mú un jọ̀wọ́ ẹ̀! Àwa tá a wà lórí ilẹ̀ náà, tí ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀rọ̀ yẹn pè wá lọ́jà, tí ò sí nínú ìtàn ilé wa, àwa la wá ń ṣa á látinú orin, à ń wọ̀ ọ́ bíi fìlà tó lòde.

Ó tún wá kù síbì kan, ibẹ̀ ló burú jù. Ẹnu tá a fi ń yá ọ̀rọ̀ wọn lò náà la fi ń pè wọ́n ní akátá. Mo gbọ́ ọ nílé kí n tó wá, mo gbọ́ ọ níbí láàárín àwa Yorùbá: má jẹ́ kọ́mọ ẹ bá àwọn akátá rìn, akátá ò fẹ́ṣẹ́, àbí akátá lo fẹ́ fẹ́ wálé ni? Àwọn kan ní orúkọ ẹranko igbó ni, àwọn kan ní kò burú, pé dúdú Amẹ́ríkà lásán ló túmọ̀ sí. N ò bá yín jiyàn ìtumọ̀, ohùn tá a fi ń sọ ọ́ ni mo mọ̀, èmi náà ti fi ohùn yẹn sọ ọ́ rí.

Lóṣù tó kọjá, nǹkan bí aago mẹ́ta òru, à ń mu tíì, Màmá ní òun fẹ́ bi mí léèrè nǹkan kan. Ó ní àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì ń sọ̀rọ̀ ní kọ́rídọ̀, òun ò gbọ́ èdè wọn, àmọ́ òun ń gbọ́ akátá, akátá, ojú wọn sì ń yí sí ọ̀dọ̀ òun. Ó ní kí ni ìtumọ̀ ẹ̀? Mo ní ó túmọ̀ sí ará Amẹ́ríkà. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ti fi 70 ọdún mọ bí ohùn èébú ṣe ń dún, ta ni mo fẹ́ tàn jẹ? Ó ní okay, ó fọ kọ́ọ̀bù ẹ̀, ó lọ wo àwọn arúgbó. Láti ọjọ́ yẹn n ò tíì lè jókòó tì í bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ìdáwà tí mò ń sọ fún yín nìyí o, tẹ́ ẹ rò pé àìrí ẹni bá sọ Yorùbá ni. Ẹni tá a jọ ń sọ Yorùbá pọ̀ ní Houston. Àmọ́ òyìnbó tó gbá ọwọ́ mi ò bi mí bóyá Ìbàdàn ni mo ti wá, dúdú ló rí. Àwọn dúdú ibí gbọ́ ohùn mi, wọ́n mọ̀ pé n kì í ṣe ọmọ ilé. Àwọn tiwa ní kí n má sún mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ N ń bà mí bó ṣe ń ba Màmá, síbẹ̀ n ò lè fi bá ọmọ ọmọ ẹ̀ ṣeré. Mo jẹ ìyà ẹ̀, n ò ní oríkì ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ kí n máa bọ̀ nílé, pé nílé ẹnikẹ́ni ò ní pè mí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa, ọdún mẹ́fà rèé tí ò tíì já, owó ibí ló ń rà á. Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Kì í sì í ṣe torí owó nìkan. Ká ní mo wà ní Mọlété, mi ò bá máa pe obìnrin yìí ní akátá títí mo fi máa kú, mi ò ní mọ bàbá ẹ̀, mi ò ní mọ Galveston. N ò gbà pé ìyẹn sàn ju kí arúgbó kan gbá ọwọ́ mi dànù lóru. Mo fara mọ́ ibi tí mo wà. Ọmọ mi náà bi mí bóyá òun lè sọ ọ́, pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ní kò sí wàhálà, pé dúdú ṣáà lòun náà. Mo ní kó lọ sọ ọ́ lójú Màmá. Ó dákẹ́, kò tún bi mí mọ́.

Alẹ́ Monday ni mo tó dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lóhùn. Mo sọ ti bàbá yẹn fún un, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní "Ẹ má bínú Àǹtí mi, n ò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń fi bú èèyàn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni." Mo gbà á gbọ́, orin ló fi mọ Amẹ́ríkà.

Èmi àti Màmá la jọ ní ṣífùtì ní Saturday tó ń bọ̀. Mo máa sọ ohun tí akátá jẹ́ fún un, mo sì máa sọ pé èmi náà ti sọ ọ́ rí, kó tó bi mí lẹ́ẹ̀kejì.