Ayurveda àti Ìmọ̀ Oúnjẹ Òyìnbó: Bí Ẹ Ṣe Lè Lò Wọ́n Pọ̀ Láti Mọ Oúnjẹ Tó Bá Ara Yín Mu

Ìmọ̀ oúnjẹ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó wá máa ń sọ iye tí ara nílò: gíráàmù mélòó, kálórì mélòó, fítámì wo. Ayurveda, ìmọ̀ ìlera àtayébáyé ilẹ̀ Íńdíà, kì í wọn oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: ṣé oúnjẹ yìí ń dà nínú yín? Ìgbà wo lẹ jẹ ẹ́? Ṣé ó gbóná àbí ó tutù, ṣé ó gbẹ àbí ọ̀rá wà lára rẹ̀? Lójú tèmi, kí ti Òyìnbó pinnu iye, kí ti Ayurveda pinnu bí a ṣe máa sè é àti ìgbà tí a máa jẹ ẹ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti dọ́gba, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Àyẹ̀wò yẹn ló sì yẹ kó ṣáájú ohun gbogbo. Ayurveda pín ìṣesí ara sí mẹ́ta: vata, ẹni tí ara rẹ̀ máa ń gbẹ, tí òtútù tètè ń mú, tí ebi rẹ̀ kò ní àkókò, pitta, ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí ebi máa ń pa gan-an, kapha, ẹni tí ara rẹ̀ wúwo, tí oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé àìsàn lè farahàn bí ìṣesí ara. Ẹni tí ebi àti òùngbẹ ń pa ṣáá, tó ń tọ̀ lóòrèkóòrè, tó sì ń rù, wọ́n lè pè é ní pitta, nígbà tó jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é. Ẹni tó ń sanra, tí oorun ń kùn ún, tí òtútù ń mú, lè gbà pé kapha ni òun, kó máa jẹ ata àti atalẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kó má mọ̀ pé ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn òun ni kò ṣiṣẹ́ tó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ hemoglobin (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó), ferritin (irin tó wà nípamọ́ nínú ara), HbA1c (ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta), TSH (bí thyroid ṣe ń ṣiṣẹ́), fítámì B12 àti fítámì D yín wò kí ẹ tó sọ ara yín lórúkọ kankan.

Ọ̀pọ̀ ìbéèrè orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ ìṣesí ara fún èèyàn ló ń po ohun méjì pọ̀: prakriti, ìyẹn bí a ṣe bí yín, àti vikriti, ìyẹn bí ara yín ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ dáhùn ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ronú nípa bí ara yín ti ṣe rí láti kékeré. Lẹ́ẹ̀kejì, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá nìkan. Èsì kejì ni kí ẹ fi ṣètò oúnjẹ.

Ó wá kan iye. Purotéènì: gíráàmù 0.8 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹ wọ̀n, ìyẹn gíráàmù 52 lóòjọ́ fún ẹni tó wọn kílò 65. Fáíbà, ìyẹn apá ewébẹ̀, èso àti ẹ̀wà tí kì í dà nínú: ó kéré tán gíráàmù 25. Iyọ̀: kó má tó gíráàmù 5. Bí ẹ bá ń jẹ kálórì 2,000, kí ṣúgà má kọjá gíráàmù 50, oyin sì wà nínú ìṣirò yẹn. Kí ọ̀rá irú èyí tó máa ń dì má kọjá gíráàmù 22. Ibí ni ghee ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Bọ́tà tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì sẹ́ ni ghee, Ayurveda sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fún vata. Ṣùgbọ́n ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo ní tó gíráàmù 8 ọ̀rá yẹn, nítorí náà ṣíbí mẹ́ta ti gba gbogbo àyè tó wà. Ṣíbí tíì kan tàbí méjì lójúmọ́ ti tó. Òróró tí kì í dì ni kí ẹ fi ṣe ìyókù.

Ibi tí ìmọ̀ méjèèjì ti bára wọn mu jù ni ọ̀rọ̀ iná inú, ìyẹn agbára tí inú fi ń da oúnjẹ, tí Ayurveda ń pè ní agni. Ti vata kì í dúró sójú kan, ti pitta máa ń jó fòfò, ti kapha máa ń lọ́ra. Ẹ wo ẹ̀wà. Ayurveda sọ pé ó máa ń da vata láàmú, ó sì máa ń fi afẹ́fẹ́ kún inú. Àwọn Òyìnbó mọ ìdí rẹ̀: ṣúgà bíi raffinose àti stachyose wà nínú ẹ̀wà, ara èèyàn kò sì ní ohun tó lè fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́. Wọ́n á dé ìfun ńlá bẹ́ẹ̀, kòkòrò tíntìntín tó wà níbẹ̀ á jẹ wọ́n, afẹ́fẹ́ á sì jáde. Ìdí nìyí tí rírẹ ẹ̀wà fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 8 sí 12, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi tuntun sè é títí ìka méjì á fi lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ sì fi atalẹ̀ àti kumini (cumin) sí i. Ṣíbí ìjẹun méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fo láti gíráàmù 10 fáíbà sí 30 lọ́jọ́ kan, inú rẹ̀ á wú dandan, ohunkóhun tí ìṣesí rẹ̀ ì báà jẹ́. Gíráàmù 5 lọ́sẹ̀ ni kó máa fi kún un, kó sì máa mu omi dáadáa.

Khichdi, ìrẹsì àti ẹ̀wà mung tí wọ́n sè pọ̀ títí tó fi rọ̀, dára púpọ̀ fún inú tó ti rẹ̀. Lysine àti methionine wà lára èròjà tó para pọ̀ di purotéènì: lysine kò tó nínú ìrẹsì, methionine kò tó nínú ẹ̀wà. Bí ẹ bá pò wọ́n, ọ̀kan á dí àlàfo èkejì. Gíráàmù 100 ìrẹsì, gíráàmù 100 ẹ̀wà, ife omi márùn-ún tàbí mẹ́fà, atalẹ̀, ṣíbí tíì ghee kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ìkòkò yẹn kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 30 purotéènì lọ. Ẹni tó bá pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, tí kò sì jẹ nǹkan mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí pé ó fẹ́ fọ inú, ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ iṣan ara rẹ̀ ni.

Fún pitta, ẹ dín ata, ohun kíkan àti iyọ̀ kù, kí ẹ sì parí oúnjẹ alẹ́ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú oorun. Àyà títa á dínkù. Fún kapha, kí oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ èyí tó pọ̀ jù, kí ti alẹ́ fúyẹ́. Ìwádìí òde òní gbè é lẹ́yìn, torí pé agbára ara láti kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dínkù bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Àwọn kan máa ń ní kí kapha má jẹun àárọ̀ rárá. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin kò gbọdọ̀ dán ìyẹn wò láìsọ fún dókítà rẹ̀, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Ọ̀kan tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí ni ohun tó máa ń fún ahọ́n pọ̀, bíi tíì dúdú. Ayurveda gbà pé irú ìtọ́wò yìí dára fún pitta àti kapha, ṣùgbọ́n tannin tó wà nínú tíì kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin inú oúnjẹ dáadáa. Bí ferritin yín bá lọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí tíì jìnnà sí oúnjẹ ní wákàtí kan, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹ̀wà dípò rẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà gbọ́dọ̀ lo oògùn B12. Ewé àti ẹ̀wà kò lè dípò rẹ̀.

Oúnjẹ ni mò ń sọ látòkè, kì í ṣe egbòogi inú ike. Ìwádìí kan tó jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, lọ́dún 2008 yẹ oògùn Ayurveda 193 tí wọ́n rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wò, wọ́n sì rí òjé, mercury tàbí arsenic, tí gbogbo wọn jẹ́ májèlé, nínú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn. Atalẹ̀ pupa inú ọbẹ̀ kì í ṣe wàhálà. Èyí tí wọ́n rọ sínú kápúsù ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, kò sì yẹ ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Bí ẹ bá ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá yí wàrà, aago oúnjẹ àti ata padà pọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ máa kọ aago tí ẹ jẹun, bí ebi ṣe pa yín tó kí ẹ tó jẹ, bí inú ṣe rí lẹ́yìn wákàtí méjì, bí ìgbẹ́ ṣe rí, àti oorun. Ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, kí ẹ tó jẹ ohunkóhun. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà sí bí ẹ ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó dán òmíràn wò. Bí ẹ bá ń rù láìgbèrò rẹ̀, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ lọ rí dókítà.