Ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo da oògùn ìrora pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ọdún tó kọjá ni wọ́n yọ fáíbrọ́ìdì fún mi ní ọsibítù kan níbí ní Àkúrẹ́, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí iṣẹ́ abẹ yẹn fúnra ẹ̀ wọ́n ṣe é dáadáa. Ìgbà tí mo délé ni ọ̀rọ̀ dojú rú.

Ní wọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ ìrora tí wọ́n ń pè ní pentazocine ni wọ́n ń gún mi, pẹ̀lú parasítámọ́ọ̀ tí wọ́n ń fà sí mi lára bíi dírípù. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n ní kí n máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì kó oògùn sínú ọ̀rá dúdú fún mi, tramadol oní 50 mg, parasítámọ́ọ̀, diclofenac àti àwọn tó ń pa kòkòrò. Ó ń kánjú, ó kàn kọ "1 x 2" àti "2 x 3" sára páálí, kò sọ èyí tí mi ò gbọdọ̀ pa pọ̀ mọ́ nǹkan míì. Èmi náà ò béèrè, ilé ló ń wù mí.

Òru ọjọ́ kẹfà wá dé. Ẹ̀yin tí wọ́n ti là níkùn rí, ẹ mọ̀ ọ́n, kí ikọ́ kékeré kan ṣáà gbọ̀n yín, àfi bíi pé ojú ọgbẹ́ fẹ́ ṣí, mo máa ń di pílò mọ́ ikùn kí n tó húkọ́ ni. Mo ti lo tramadol kan láàárọ̀, mo lo òmíì ní aago 9 alẹ́, kò ṣe nǹkan kan, mo tún fi ẹyọ kan sí i. Ni mo bá rántí páálí tí àǹtí mi mú wá láti London, èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún wọn, co-codamol 30/500, tí wọ́n ní "eléyìí lágbára o". Mo gbé méjì mì. Mo sì ti lo Piriton ní ìrọ̀lẹ́ torí imú àti ojú ń yún mi (ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún mi pé oògùn ìrora yẹn gan-an lè máa fa yíyún).

Ẹ̀gbọ́n mi tó wá tọ́jú mi ló kíyè sí i. Wọ́n ní mò ń han-anrun lọ́nà tí àwọn ò gbọ́ rí, mo máa mí, mo máa dákẹ́ pẹ́, kí n tó tún mí. Iná ò sí, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí mi lójú, wọ́n gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́, mo dáhùn "hẹ̀n", mo tún ti sùn lọ. Wọ́n bá wo aago, wọ́n ka mímí mi, 8 ni ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ 12 sí 20 ló yẹ kí àgbàlagbà máa mí. Aládùúgbò wa kan ní Òkè-Àró ló fi mọ́tò gbé wa, ẹ̀gbọ́n mi sì kó gbogbo oògùn náà dání pẹ̀lú ti London, mo ṣì ń ṣàdúrà fún wọn nítorí ẹ̀ dòní. Wọ́n fi ọ́síjìn sí mi nímú, wọ́n gún mi ní naloxone, oògùn tó ń lé irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo là ojú wáí, àmọ́ ìrora tó bá a wá, hmm, gbogbo èyí tí oògùn ti bò mọ́lẹ̀ ló ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ò sì jẹ́ kí n lọlé, torí naloxone lè ti tán lára nígbà tí oògùn tó lé sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀, dókítà obìnrin kan jókòó tì mí, ó tú gbogbo oògùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Mà, tramadol àti ti London yìí, orúkọ ló yàtọ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń kàn." Kódíìnì ló wà nínú ti London, ẹ̀dọ̀ ló máa ń sọ kódíìnì di mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára gan-an, ìdílé yẹn náà ni tramadol ti wá, ẹ̀dọ̀ àwọn kan sì ń yí wọn padà kíákíá ju ti ẹlòmíì lọ, ó ní ó jọ pé mo wà lára wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé tí ẹ bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò kọjá ààlà ìkankan. Tramadol mi jẹ́ 150 mg, bẹ́ẹ̀ 400 mg ni òpin lóòjọ́. Àròpọ̀ wọn ló gbé mi lọ, Piriton tó ń kunni lóorun wá gùn ún lórí. Parasítámọ́ọ̀ ńkọ́? Mo ti lo mẹ́fà lọ́jọ́ yẹn, àṣé méjì tún fara pamọ́ sínú ti London, ó di mẹ́jọ, gíráàmù 4 gééré, ibẹ̀ sì ni òpin.

Àtìgbà yẹn, parasítámọ́ọ̀ ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀, aago 6, aago 2, aago 10, bó dùn mí bí ò dùn mí, torí tí ẹ bá dúró kí ìrora gbóná tán, apá oògùn ò ní ká a mọ́. Diclofenac lẹ́yìn oúnjẹ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́ o). Ìdílé wọn yàtọ̀ sí ti tramadol, ìyẹn ni wọ́n fi lè bára wọn ṣiṣẹ́. Tramadol wá di ti ìgbà tí ara bá kọ̀ pátápátá, ẹyọ kan. Mo ń kọ aago gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ọmọ mi. Ẹnì kan ní kí n jẹ́ kí òun pe nọ́ọ̀sì wá gún mi ní pentazocine nílé, mo kọ̀, torí dókítà ti sọ pé ìyẹn lè lé irú mọ́fíìnì dìde níbi tó jókòó sí, kí ìrora tún wá le sí i. Valium, ọtí, paraga, ẹ má tilẹ̀ dán an wò pẹ̀lú wọn.

Ohun kan tí wọn kì í sọ: ìgbẹ́ ò wá fún ọjọ́ mẹ́fà. Tramadol náà ni. Kí èèyàn máa fipá yàgbẹ́ pẹ̀lú ojú abẹ, ẹ ò ní fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ ti ọjọ́ kìíní béèrè oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, kẹ́ ẹ máa mu omi, kẹ́ ẹ máa jẹ ìbẹ́pẹ.

Àǹtí mi pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà, wọ́n ní kí ni kí àwọn mú wá fún mi. Mo ní kí wọ́n mú ṣokoléètì wá.