Dàbínù l'Ífẹ̀: ibi tí iṣẹ́ dé

Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, mo sì ti kó àwọn dàbínù kúrò nínú rọ́bà pẹ́ńtì bọ́ sílẹ̀. Kóró dàbínù ààwẹ̀ tí mo rà lọ́wọ́ àwọn Hausa ní Sábó ni mo fi bẹ̀rẹ̀ wọn. Ewé àkọ́kọ́ tó hù jẹ́ ẹyọ kan tóóró tó le gbagidi. Ewé tó là bíi ti ọ̀pẹ ló ń jáde báyìí, ẹ̀gún sì ti ń yọ nídìí imọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gún dàbínù kì í ṣeré o, ó gún mi la ìbọ̀wọ́ já.

Àwọn kan ti ń béèrè bí mo ṣe mú kóró náà hù. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa títí tí kò fi ní yọ̀ mọ́, torí adùn tó kù lára rẹ̀ ló ń pe èèrà, òun náà ló sì ń jẹ́ kó bu. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ kan sí méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Mo wá fi aṣọ tútù wé e, mo dì í sínú náílọ́ọ̀nù, mo sì gbé e sẹ́yìn fíríìjì níbi tó ti ń móoru. Bó bá yá, ohun funfun kan á yọ lára kóró, á sì forí lé ìsàlẹ̀. Gbòǹgbò nìkan kọ́ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ṣóńṣó rẹ̀, ni gbòǹgbò àti ewé ti máa pínyà. Ewé á wá gun òkè padà, á yọ sórí ilẹ̀ níbi tó fi díẹ̀ jìnnà sí kóró fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo rọ́bà pẹ́ńtì tó jìn, tí mo dá ihò sí nídìí.

Kóró yìí lágídí. Ní 2005, wọ́n gbin ọ̀kan tí wọ́n wú jáde ní Masada ní Ísírẹ́lì, tó ti tó bí 2,000 ọdún, ó sì hù. Wọ́n sọ ọ́ ní Methuselah. Akọ ló jẹ́.

Ọ̀rọ̀ akọ yìí ló fà á tí n kò fi gbin ẹyọ kan ṣoṣo. Orí igi kan náà ni ọ̀pẹ wa ti ń yọ òdòdó akọ àti ti abo. Ti dàbínù yàtọ̀: igi akọ wà lọ́tọ̀, igi abo wà lọ́tọ̀, abo nìkan ló ń so. Èyí tí a bá fi kóró gbìn, bí ìdajì rẹ̀ ló máa ń jẹ́ akọ, a ò sì lè mọ̀ ọ́n lójú ewé. Ó di ìgbà tó bá yọ òdòdó, ìyẹn sì lè gba ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ẹni tí èso ń jẹ lọ́kàn kì í fi kóró gbìn ín. Ọmọ tó yọ nídìí igi abo ni wọ́n ń wú, bí a ṣe ń wú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí ohun tí ìyá bá jẹ́ lọmọ á jẹ́. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, ní ẹ̀ka kan ní Dutse, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, tó dá lórí dàbínù.

Ní ti ilẹ̀, ebè ni mo kọ. Yanrìn odò, òkúta wẹ́wẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà ni mo pò mọ́ ilẹ̀ pupa wa, mo sì gbé igi lé e lórí. Dàbínù fẹ́ omi, àmọ́ kò fẹ́ kí omi dúró sí i nídìí. Ọkàn igi, níbi tí ewé tuntun ti ń jáde, kò gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ rárá, kó má baà rà. Mo wọ́n eérú ààrò yíká nítorí ọ̀pẹ kì í fi eérú ṣeré.

Bí mo ṣe ń kọ ebè lọ́wọ́ ni bàbá kan ládùúgbò dúró lẹ́nu géètì.

"Ṣé iṣu lo fẹ́ gbìn síbẹ̀ ni?"

"Dàbínù ni o, Bàbá. Ẹ kú àárọ̀ sà."

"Dàbínù! L'Ífẹ̀ níbí, tí ọ̀pẹ gidi kún inú igbó? Ta ló máa gùn ún?"

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ga ná, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má gbàgbé ẹ̀gà.

Oṣù Keje

Òjò ọ̀sẹ̀ yìí pọ̀. Àgbàlá kún, ṣùgbọ́n omi ò dúró lórí ebè. Ẹ̀gà kọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu báyìí, ewúrẹ́ ni. Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo fi ṣe ọgbà yí wọn ká.

Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi ìgbà tí a máa jẹ dàbínù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbọn òdòdó akọ sórí ti abo títí tí èso á fi pọ́n, ó tó oṣù márùn-ún sí méje, ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló sì ń fẹ́ lápá ìparí. Lókè Ọya, èyí tó bá pọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára. L'Ífẹ̀ níbí, ẹ̀ẹ̀rùn wa kò ju bí oṣù mẹ́rin lọ, òjò wa sì ju 1,000 mìlímítà lọ lọ́dún. Bí èso bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ tí òjò sì bá a lórí igi, á là, á sì kan. A lè fi bébà bo ṣírí rẹ̀ lórí, àmọ́ igi ni mo ń gbìn ní tèmi: ewé rẹ̀ tó dà bíi pé wọ́n bu eérú sí i yẹn, àti bó ṣe máa ń dúró ṣánṣán nígbà ọyẹ́. Bí abo bá wà nínú wọn, èènì ni.

Iṣẹ́ tó kàn ni omi. Lásìkò ọyẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo fẹ́ máa bomi rin wọ́n, kó mu dénú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, dípò kí n máa wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó wà nítòsí géètì, mo máa wú u lọ sẹ́yìn ilé ní oṣù Kẹta kí imọ̀ rẹ̀ tó gùn dé ojú àwọn ọmọdé.