Wọ́n Ta Tapólì, Wọn Ò Tà Mí

Asalaamu alaekum, ẹ̀yin bàbá àdínì, ẹ̀yin ìyá àdínì, àti gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wa. Ọmọ yín tó lọ sí Sòmálíà ló dé yìí o. Alihamudulilaahi. Àkàrà àti ẹ̀kọ tó wà níwájú yín, sàráà tèmi ni. Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo kọ́, ẹ mọ̀. Àmọ́ ilé tí mo lọ kọ́ ní Baidoa, ìlú kan ní Sòmálíà, kò ní búlọ́ọ̀kù, kò ní páànù. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ kọrọdọ, wọn á so ó pọ̀, wọn á wá da àkísà, páálí àti ọ̀rá bò ó. Buul ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ga bíi tèmi kò lè nàró nínú rẹ̀. Tapólì ni àjọ ìrànwọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ ń pín fún àwọn tó sá kúrò nílé wọn, irú èyí tí àwọn onílọ́rì fi ń bo ẹrù, mítà 4 sí mítà 5, pẹ̀lú okùn àti igi.

Nígbà tí mo débẹ̀ ní 2022, òjò ti ń já wọn kulẹ̀ láti ìparí 2020. Àsìkò òjò méjì ni wọ́n ní lọ́dún, Gu àti Deyr. Kí 2022 tó parí, márùn-ún ti kùnà tẹ̀léra. Ọkà bàbà tó jẹ́ oúnjẹ wọn kò so. Màlúù kú, ewúrẹ́ kú, ràkúnmí pàápàá kú. Àwọn al-Shabaab, ẹgbẹ́ agbébọn ibẹ̀, ló sì di ìgbèríko mú, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí kò rí jẹ. Ẹni tí ọ̀dá ò lé, ìbọn lé e. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi rìn wọ Baidoa. Ẹlòmíì sin ọmọ sójú ọ̀nà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni kí n sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí a pín tapólì ní àgọ́ kan, mo rí mélòó kan nínú rẹ̀ lọ́jà, wọ́n ń tà á. Orí mi gbóná. Mo mú ògbufọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ṣe olórí àwọn obìnrin ibẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i. Ó gbọ́ mi tán, ó nawọ́ sókè, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ojú ọ̀run ṣú ni?" Kò ṣú lóòótọ́. Ó ní òun ti ta tòun náà, wàrà lòun fi rà fún ọmọ ọmọ òun. Àwa la ni òwe pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí. Nínú ọkàn mi, mo ní àwọn èèyàn yìí, kò sóhun tí wọn ò lè tà.

Òjò padà dé ní 2023, àmọ́ ìparí ọdún náà ló wá tìbínú-tìbínú. Ilẹ̀ ti gbẹ débi pé kò mu omi mọ́, ṣe lomi ń sáré lórí rẹ̀. Lóṣù kọkànlá, a lọ pín tapólì mìíràn ní àgọ́ ọjọ́sí. Òfin ibiṣẹ́ wa ni pé agogo mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ bá wa níta, torí owó ni àlejò bíi tèmi jẹ́ lójú ajínigbé. Àgbàrá gé ọ̀nà, ọkọ̀ wa rì sẹ́rẹ̀. A pe ọ́fíìsì, wọ́n ní ó di àárọ̀.

Ìyá yẹn náà ló fà mí lọ́wọ́ wọ buul rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ wa ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní mítà onígun mẹ́rin 3.5. Mẹ́sàn-án la wà nínú ihò yẹn, mi ò ríbi na ẹsẹ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé mi lórí, ó tì mí sẹ́yìn àwọn ọmọ. Lóru, mo gbóhùn ọkùnrin níta, mo rí iná tọ́ọ̀ṣì. Ògbufọ̀ di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi. Ìyá náà dá wọn lóhùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ayatul Kursiyyu ni mo ń kà, mi ò mọ iye ìgbà. Wọ́n lọ.

Ìgbà tílẹ̀ mọ́ ni ògbufọ̀ tó sọ fún mi pé àlejò tó ni ọkọ̀ ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n sì dárúkọ owó. Ìyá ní a ti fẹsẹ̀ rìn padà sígboro kí ìrun màgàríbì tó wọlé. Wọ́n bèèrè ní buul kejì, ohun kan náà ni wọ́n gbọ́. Gbogbo àgọ́ ló mọ ibi tí mo wà o, kò sì sẹ́ni tó jẹun kánú nínú wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ wá gbé mi, mo kúnlẹ̀ fún un, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó tọ́ka sókè orí wa: igun kan ń jò, ṣé mo lè bá òun wá okùn sí i.

Mo mú okùn náà lọ. Àmọ́ kí n tó kúrò ní Baidoa, onílẹ̀ ti ní kí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ òun. Alfa, mi ò ní dárúkọ ìyá náà, Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣàdúà kí wọ́n rí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní lé wọn lórí rẹ̀.