Ẹjọ́ ọmọ kì í parí lọ́jọ́ tí adájọ́ bá dá a: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Wọ́n máa ń sọ pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Tó bá jẹ́ ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti gbèsè, ó yé mi. Àmọ́ ẹjọ́ ọmọ, ìyẹn ẹjọ́ lórí ẹni tó máa tọ́jú ọmọ tí bàbá àti ìyá bá ti pín, ò rí bẹ́ẹ̀ o, torí ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìdájọ́ gan-an lẹ tún máa rí ara yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan á gbé báàgì ọmọ dání, ẹnì kejì á gbà á, ẹ tún máa ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni títí ọmọ á fi tó ẹni tó ń dá rìn. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti la gbogbo ẹ̀ kọjá, ọ́dà àkọ́kọ́ (ìwé àṣẹ tí kọ́ọ̀tù fún wa), ọ́dà tó tún ti àkọ́kọ́ ṣe, olùlàjà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá wo ilé àti yàrá tọ́mọ ń sùn. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, òfin orílẹ̀-èdè kan sì yàtọ̀ sí ti òmíì, ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin ibi tẹ́ ẹ wà. Àmọ́ àwọn ìbéèrè kan wà tí gbogbo òbí tó bá dé ibẹ̀ máa bá pàdé, àwọn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa ń dun èèyàn jù. Kọ́ọ̀tù ò bá yín wá ẹni tó jẹ̀bi nínú ìgbéyàwó yín. Ohun tó wà lọ́kàn yín ni pé kí ẹnì kan jókòó gbọ́ gbogbo ohun tójú yín rí lọ́wọ́ ẹni yẹn, adájọ́ sì ń wò yín, ó ń wo fáìlì, kí ló máa ṣe ọmọ yìí láǹfààní jù ló ń wá. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1989, sọ ọ́ ní abala 3 pé ire ọmọ gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó máa ṣíwájú, abala 9 wá sọ pé ọmọ tí kò gbé pẹ̀lú òbí kan lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí òbí yẹn déédéé àfi tí ìyẹn ò bá ní ṣe ọmọ lóore. Ẹ tún un kà dáadáa, ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó síwájú lọ́yà mi, kò bi mí ní nǹkan kan nípa ìyá wọn. Ó ní kí lorúkọ tíṣà ọmọ yín obìnrin, ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kẹ́yìn, oògùn wo ni ara ẹ̀ kì í gbà, ta ló ń jí wọn láàárọ̀, tí èyí ọkùnrin bá sunkún lóru orúkọ ta ló máa ń pè. Mo dáhùn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ẹjọ́ yín nìyẹn, ìyókù ẹ lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín.

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi ṣì máa ń pariwo pé bàbá ló lọmọ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ bẹ́ẹ̀ rí o, tí tọkọtaya bá pín, bàbá ló ń kó ọmọ lọ, ìyá lè má rí wọn mọ́ láyé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Caroline Norton, tí ọkọ ẹ̀ kó ọmọ mẹ́ta kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ló kọ̀wé, tó pariwo títí wọ́n fi ṣe òfin 1839 tó gba ìyá láyè láti bẹ kọ́ọ̀tù pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 wà lọ́dọ̀ òun. Nígbà tó yá wọ́n tún wá yí i sápá kejì, ó wá di pé ìyá ló ni ọmọ kékeré. Lóde òní, ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé òfin ò fi ti ìyá ṣáájú ti bàbá mọ́. Torí náà ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, obìnrin ló máa ń gbà á, tàbí pé ọkùnrin ló ni wọ́n, àtijọ́ lonítọ̀hún ń sọ.

Nǹkan méjì ló wà tí wọ́n ń pè ní àbójútó ọmọ, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni ta ló láṣẹ láti pinnu: iléèwé wo, iṣẹ́ abẹ wo, ẹ̀sìn wo, ta ló máa fọwọ́ sí pásípọ́ọ̀tù. Èkejì ni ibi tọ́mọ ń sùn. Ọmọ lè máa sùn lọ́dọ̀ ẹnì kan kí àṣẹ ìpinnu sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, bó ṣe rí nílé tiwa nìyẹn, wọn ò lè yí iléèwé padà láìjẹ́ pé mo mọ̀. Mo ti rí òbí tó ń jà fitafita nítorí òru kan sí i lọ́sẹ̀ tó sì fọwọ́ sí ìwé tó gba gbogbo àṣẹ ìpinnu lọ́wọ́ ẹ̀, kò tiẹ̀ kà á. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ò ṣègbéyàwó pẹ̀lú ìyá ọmọ, ẹ tètè lọ wádìí bóyá òfin ibi tẹ́ ẹ wà tiẹ̀ mọ̀ yín sí bàbá tó láṣẹ. Ní England àti Wales, fún àpẹẹrẹ, bàbá tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ìbí ọmọ láti December 1, 2003 ti ní àṣẹ yẹn, àmọ́ èyí tí orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀ ní láti wá a lọ́nà míì.

Ọ́dà ìgbà díẹ̀ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ tàn yín. Wọ́n á ní fúngbà díẹ̀ ni, kí ẹjọ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà á ní kò burú, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ á wá fà, oṣù á gorí oṣù, ọmọ á ti mọ́ra síbẹ̀, á ti ní ọ̀rẹ́ ládùúgbò yẹn, nígbà tí adájọ́ bá máa wá wò ó kò ní fẹ́ fa ọmọ tu níbi tára ti mọ́ ọn. Òfin ọmọdé 1989 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ to àwọn ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ, ohun tí àyípadà lè ṣe fún ọmọ sì wà nínú ẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò nílé, ẹ kọ́kọ́ ní àdéhùn tó wà lákọsílẹ̀ lórí ìgbà tí ẹ máa máa rí ọmọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kejì ti sáré lọ gba ọ́dà kíákíá láìjẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀. A mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú kọ́ọ̀tù máa ń ṣe é, wọ́n á wá fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa wá sọ tiyín. Ọjọ́ yẹn, kódà tí ara bá ń ro yín, ẹ lọ. Tí ẹ ò bá lọ, ohun tí ẹnì kejì sọ nìkan ló máa wà nínú fáìlì.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ nìyí: ohun tí wọ́n kọ sínú ọ́dà. Ọ́dà tiwa àkọ́kọ́ sọ pé kí bàbá máa rí àwọn ọmọ ní àkókò tó bá bójú mu. Ó dùn létí, àbí? Èmi rò pé àkókò tó bójú mu ni láti àárọ̀ Sátidé sí alẹ́ Sọ́ńdè, ìyá wọn rò pé wákàtí mẹ́ta ni lọ́sàn-án, àwa méjèèjì ò sì parọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, àwọn yẹn ò sì sábà dé kọ́ọ̀tù. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ aago sí i. Ta ló ń wá gbé ọmọ, ta ló ń dá a padà, níbo, ṣé ẹnu géètì ni àbí iléèwé (iléèwé dáa jù, ẹnì kan já ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀, ẹnì kejì gbé e nírọ̀lẹ́, ẹ ò tiẹ̀ ní rí ara yín). Tẹ́ni tó fẹ́ wá gbé e bá pẹ́, ìṣẹ́jú mélòó lẹ máa dúró? Họ́lídè ńkọ́, báwo lẹ ṣe máa pín in, ọjọ́ ìbí ọmọ ńkọ́, tí ọjọ́ ìbí bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ ẹnì kejì èwo ló máa lékè nínú méjèèjì? Tára ọmọ ò bá yá lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ṣé ẹ máa fi ọjọ́ míì dí i? Aago mélòó lẹ lè pè é lórí fóònù, ṣé wọ́n á jẹ́ kó dá sọ̀rọ̀? Ta ló ń tọ́jú pásípọ́ọ̀tù? Olùlàjà tó bá wa ṣe ọ́dà kejì béèrè gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sú mi débi pé mo fẹ́ dìde, àmọ́ láti ìgbà tí ọ́dà yẹn ti jáde, àwa méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan tá a máa jà lé lórí mọ́ torí ìwé ti sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe le tó láàárín yín ni kí ìwé yín ṣe gùn tó.

Ọ̀rọ̀ owó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó ìtọ́jú lọ́tọ̀, àbẹ̀wò lọ́tọ̀. Ẹni tí kò sanwó, ẹ ò lè torí ẹ̀ gbé ọmọ pamọ́ fún un. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó rọ́mọ, kò lè torí ẹ̀ dá owó dúró. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣe nínú méjèèjì, ẹ̀yin lẹ máa dúró níwájú adájọ́. Ẹ máa san án gba báǹkì kó lè ní àkọsílẹ̀, ó tán.

Gbogbo mẹ́sẹ́ẹ̀jì tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ bíi pé adájọ́ ló máa kà á, torí ó máa kà á lóòótọ́. Lọ́yà ẹnì kejì á tẹ̀ ẹ́ jáde, á fi àmì sí ibi tẹ́ ẹ ti bínú. Èmi máa ń kọ ọ́, mo máa gbé fóònù sílẹ̀, mo máa lọ fọ abọ́, tí mo bá padà dé mo máa pa ìdajì ẹ̀ rẹ́. Ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ ń kọ ọjọ́ àti aago sí náà dáa, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé wọn, ọjọ́ tẹ́ ẹ dé ẹnu ọ̀nà tẹ́nikẹ́ni ò ṣílẹ̀kùn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó máa ká ohùn ẹnikẹ́ni sórí fóònù láìsọ fún un, ẹ bi lọ́yà, torí ẹ̀ṣẹ̀ ni láwọn ibì kan.

Wọ́n lè bi ọmọ fúnra ẹ̀. Abala 12 nínú àdéhùn 1989 yẹn sọ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu ọmọ tó lè sọ èrò ọkàn ẹ̀, kí wọ́n sì wo ọjọ́ orí ẹ̀ àti bó ṣe gbọ́n tó. Èyí ò túmọ̀ sí pé ọmọ ló ń yàn o. Ẹ má sì kọ́ ọmọ ní ohun tó máa sọ, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ àwọn tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nìyẹn, ọmọ ọdún 7 tó bá ń sọ̀rọ̀ bíi lọ́yà, wọ́n ti mọ ibi tó ti wá.

Ìrìn àjò náà wà níbẹ̀. Ẹ má gbé ọmọ kọjá ẹnubodè láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i lórí ìwé tàbí pé kọ́ọ̀tù gbà. Àdéhùn Hague ti October 25, 1980 wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 ló wà nínú ẹ̀. Ó sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 tí wọ́n gbé kúrò níbi tó ń gbé láìtọ́, kí wọ́n dá a padà, kọ́ọ̀tù ibẹ̀ ni kó pinnu ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí kọ́ọ̀tù tètè dá ẹjọ́ dídá ọmọ padà yìí, láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Tó bá ti lé lọ́dún kan kẹ́ ẹ tó gbé ẹjọ́ lọ tọ́mọ sì ti fìdí kalẹ̀ síbi tuntun, ọ̀rọ̀ lè yí padà, nítorí náà ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ẹ̀ lọ kò gbọ́dọ̀ jókòó máa bẹ ẹbí. Tí ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè méjèèjì ò bá sí nínú àdéhùn yẹn, haa, ọ̀nà á jìn gan-an, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù fi gbọ́dọ̀ wà nínú ọ́dà yín. Láàárín Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀, ìpínlẹ̀ tọ́mọ ti gbé fún oṣù 6 léra wọn kẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń láṣẹ lórí ẹjọ́ náà.

Ìyá àgbà àti bàbá àgbà ń béèrè bóyá àwọn náà lè pẹjọ́ láti rí ọmọ. Àwọn ibì kan gbà, àwọn ibì kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ní Amẹ́ríkà, kọ́ọ̀tù tó ga jù sọ lọ́dún 2000, nínú ẹjọ́ tí ìdílé Troxel pè láti rí ọmọ-ọmọ wọn, pé ìpinnu òbí tó ń ṣe dáadáa lórí ọmọ ẹ̀ kì í ṣe ohun tí adájọ́ lè kàn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ìlùkulù tàbí ìdẹ́rùbà wà nínú ilé yẹn, ẹ má tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mi lórí olùlàjà tàbí lórí gbígba àdéhùn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé rárá. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa sá sí pẹ̀lú ọmọ, ẹ sọ fún lọ́yà tàbí ọlọ́pàá, ẹ bẹ kọ́ọ̀tù fún ọ́dà ààbò. Àbẹ̀wò tí ẹnì kẹta ń mójú tó wà, níbi tí òṣìṣẹ́ á ti jókòó síbẹ̀ tí òbí yẹn bá ń rí ọmọ, kẹ́ ẹ má fi ara yín tàbí ọmọ wewu.

Tẹ́nì kejì bá rú ọ́dà, ẹ má lọ já ọmọ gbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì jẹ́jẹ́ béèrè ọjọ́ tó máa dí i, tí kò bá yí padà ẹ gbé ìwé padà lọ sí kọ́ọ̀tù, adájọ́ lè fún yín ní ọjọ́ àfidípò, ó lè bu owó ìtanràn lé e. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ gbà láti yí nǹkan padà, bóyá ẹ pààrọ̀ ọjọ́ torí iṣẹ́ tuntun, inú mi dùn sí i, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹnu sọ tàbí tẹ́ ẹ kọ sórí WhatsApp ò yí ọ́dà padà. Lọ́jọ́ tínú bá bí ẹnì kan, ọ́dà àtijọ́ ló máa mú jáde. Ẹ kọ àdéhùn tuntun yẹn sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, ẹ gbé e lọ fún adájọ́ kó sọ ọ́ di ọ́dà. Nígbà tí àwa ṣe tiwa, àlàyé ò pọ̀ rárá, adájọ́ kà á, ó bi wá bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú wa, a ní rárá, ó fọwọ́ sí i.