Ọbẹ̀ ẹ̀wà ní Minnesota, gbẹ̀gìrì l'Ógbòmọ̀ṣọ́

Àbúrò bàbá mi rí fọ́tò ìkòkò mi lórí WhatsApp, ló bá fi ohùn ránṣẹ́: "Ṣé ẹ̀wà náà lo tún ń jẹ l'Amẹ́ríkà? Kí lo wá bá lọ nígbà náà?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá kékeré, ẹ gbọ́ o. Ní Ilé Aṣòfin Àgbà wọn ní Washington, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ta ọbẹ̀ ẹ̀wà nílé oúnjẹ ibẹ̀, ó sì ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ìtàn kan tiẹ̀ sọ pé Knute Nelson, aṣòfin tó ti Minnesota tí mò ń gbé yìí lọ, ló ní kí wọ́n máa sè é ní 1903. Ẹ̀wà funfun kéékèèké ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan àti àlùbọ́sà. Àwọn sẹ́nétọ̀ ń jẹ ẹ̀wà, sà.

Èmi kì í ra ẹlẹ́dẹ̀. Itan tòlótòló tí wọ́n fi èéfín yan ni mò ń lò. Mo máa ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú, mo máa da omi rẹ̀ nù, kí n tó gbé e kaná pẹ̀lú ẹran, àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì. Iná kékeré, bíi wákàtí méjì, títí ẹran á fi máa yọ kúrò lára egungun. Iyọ̀ di ìgbẹ̀yìn, torí ẹran náà ti níyọ̀. Tòmátì náà di ìgbẹ̀yìn, torí kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀. (Màmá mi ì bá ju kánún sí i, kó bá tiẹ̀ lọ.) Mo máa fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà kí ọbẹ̀ lè ki, mo sì máa rọ́ ata gígún sí i, èyí táwọn sẹ́nétọ̀ kò mọ̀.

Gbẹ̀gìrì kò nílò àlàyé: ẹ bó o, ẹ sè é, ẹ fi ìjábẹ̀ já a, irú, epo, ẹja gbígbẹ, ó parí. Ti iná tí kò sí àti gáàsì tó wọ́n, ẹ mọ gbogbo ẹ̀.

Jíjẹ ẹ̀ ni ìṣòro mi. Nílé wa nítòsí Tákíé l'Ógbòmọ̀ṣọ́, kò sí ìkòkò ẹnì kan. Bó o bá ń bó ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, ìyàwó ilé kejì á fa àpótí sún mọ́ ọ, á ki ọwọ́ bọ omi, kò ní dúró kó o pè é. Ẹni tó ń kọjá tó ní "á gba ibi ire o" náà á padà jókòó. Níbí, ìkòkò tí mo gbé kaná ní Sátidé ni mò ń jẹ di Ọjọ́rú. Ìyókù wà nínú ike ní firísà, mo kọ déètì sí i lára bíi fáìlì ọ́fíìsì. Ní December, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú, gbogbo ilẹ̀kùn ti tì. Mo gbé abọ́ kan fún obìnrin tó ń gbé ní iwájú yàrá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ní òun kì í jẹ ohun tí òun kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Síbẹ̀, mo gbé abọ́ mi padà, ojú sì tì mí. Kí n wá fi fóònù pe ilé? Aago méje alẹ́ tí mo bu oúnjẹ, aago méjì òru ni l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Àwọn tí mo fẹ́ bá jẹun ti sùn.

Ṣé kí n wá padà ni? Rárá o. Owó iṣẹ́ tó so mí mọ́ ìlú òtútù yìí ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ríru màmá mi lóṣooṣù. Nígbà tí mo wà nílé, a jọ ń jẹ gbẹ̀gìrì lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí owó bá yọjú la ń ra oògùn. Mo mọ̀ pé ó máa ń dà bíi pé mò ń wá àwíjàre. Kò burú. Bàbá kékeré àti gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí n máa bọ̀ nílé, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò máa ra oògùn náà fún mi.